Wáyà Tí Kì Í Gbó

Ìgbà kẹrin rèé láàárín ọdún kan tí Bàbá Télọ̀ ń gbé gìtá rẹ̀ wá. Kí ó tó kan ilẹ̀kùn ni obìnrin tó ń tún gìtá ṣe ti mọ̀ pé òun ni, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: ọ̀tún á kọ́kọ́ balẹ̀, òsì á wọ́ tẹ̀ lé e, àpótí gìtá á sì gbá ògiri pẹ́ẹ́, bí ẹni ń kí onílé. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ni. Inú ni obìnrin náà máa ń kà á sí. Bí ó bá ku mẹ́fà, ẹsẹ̀ náà máa ń dúró láti mí, òun náà á sì gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi tún gbéra.

"Ìyàwó mi, ṣé o wà, àbí kí n padà?"

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Níbo lẹ fẹ́ padà sí lẹ́yìn tí ẹ ti gun òkè tán? Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Orúnkún mi ní kí n kí ọ. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun fi ṣẹ̀ ọ́ tó o fi gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ kọ́ sójú ọ̀run báyìí."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹ sọ fún un pé mo ti gbé omi tíì kaná."

Bàbá Télọ̀ kì í ṣe bàbá rẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni, ọkọ náà sì ti di olóògbé láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọkọ yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́, títí iṣẹ́ fi mọ́ ọn lọ́wọ́ ju ti ọ̀gá lọ. Wọn ò bímọ. Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Lọ́dún àkọ́kọ́, fóònù kò sinmi. Lọ́dún kejì, ó ń dún ní ọjọ́ ìsinmi nìkan. Lẹ́yìn náà, ó kù díẹ̀ kí ó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Télọ̀ nìkan ni kò dáwọ́ dúró, òun náà kì í sì í wá nítorí ọ̀fọ̀. Nítorí gìtá ló ṣe ń wá. Yóò jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, obìnrin náà á máa ṣiṣẹ́, òun á máa sọ ìtàn àwọn tí ó ti rán ṣòkòtò fún, àwọn tó fa ikùn wọlé nígbà ìwọ̀n tí wọ́n wá rò pé aṣọ yóò bá wọn parọ́. Wákàtí mẹ́ta á lọ. Orúkọ olóògbé lè má jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn, síbẹ̀ ó máa ń dà bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì tó ń wá nǹkan.

Ohun kan sì tún wà tí obìnrin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Àǹtí Onígìtá. Ní gbogbo ayé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń pè é ní Ìyàwó.

Ó ṣí àpótí. Gìtá oníná ni, ó ti dàgbà ju òun alára lọ, ọ̀dà pupa rẹ̀ sì ti ṣí níbi tí apá Bàbá máa ń gbé lé e. Lórí ọrùn irú gìtá bẹ́ẹ̀, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó dábùú rẹ̀ bí igi àkàbà. Fúrẹ́ẹ̀tì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè wọ́n. Orí wọn ni okùn ń gbára lé nígbà tí ìka bá tẹ̀ ẹ́. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, okùn á gbẹ́ kòtò sí wọn lára, ohùn á wá máa ta gìnrìngìnrìn bí kòkòrò tó há sínú agolo. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe yóò fá gbogbo wọn títí wọn yóò fi dọ́gba pẹ̀lú kòtò tó jìn jù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fá orí lójoojúmọ́, ọjọ́ kan la ó kan agbárí.

"Bàbá, ó ti tán o."

"Kí ló tán?"

"Irin. Kò sí ohun tí mo lè fá mọ́. A máa yọ gbogbo rẹ̀ ni, ká fi tuntun sí i." Ó gbé ọrùn gìtá sójú ìmọ́lẹ̀, ó di ojú kan. "Ẹ wò ó, kòtò wà lórí ìkẹẹ̀ẹ́dógún pàápàá. Bàbá, kí lẹ lọ ṣe lókè ibẹ̀ yẹn? Látìgbà tí mo ti mọ̀ yín, ọwọ́ yín ò kọjá ìkarùn-ún rí."

Bàbá wo òde láti ojú fèrèsé. "Orin tuntun ni."

"Orin wo?"

"Mo ṣì ń kọ́ ọ. Má kán mi lójú."

Ọkọ rẹ̀ ti fi ọ̀nà kan lélẹ̀ fún irú ọjọ́ báyìí. Ó mú ọrùn gìtá àtijọ́ kan tó ti ṣẹ́, ó to oríṣiríṣi wáyà tí wọ́n fi ń ṣe fúrẹ́ẹ̀tì sí i, mẹ́rin mẹ́rin. Oníbàárà á di ojú, á máa fi ìka rìn lórí rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ojú ń wo iye, etí ń gbọ́ àhesọ, ìka nìkan ni kì í tan olówó rẹ̀ jẹ. Obìnrin náà gbé e ka orí itan Bàbá. Bàbá di ojú rẹ̀.

"Àkọ́kọ́ yìí," ni obìnrin náà wí, "ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kúrú, ó rọ̀. Irú èyí tí wọ́n fi bí gìtá yín ni. Ìkejì ga, ó fẹ̀, òun náà rọ̀. Ìkẹta, irin líle tí kì í dógùn-ún ni. Kòtò kì í yọ lára rẹ̀."

Ìka Bàbá rìn lọ, ó rìn bọ̀. Lórí ìkẹta, ó yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀. Ó padà sórí àkọ́kọ́, ó dúró síbẹ̀.

"Èyí. Ìka mi mọ ilé ibí."

"Bàbá, èyí ti rọ̀ jù. Bí ẹ ṣe ń tẹ gìtá, kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ ti tún padà wá."

"Ṣé ìyẹn wá burú ni?"

"Ó burú fún orúnkún yín." Ó mú wáyà líle náà lọ́wọ́, ó gbé e sókè kí Bàbá lè rí bí ó ṣe ń dán. Ọkàn rẹ̀ kò fara mọ́ ohun tó fẹ́ sọ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí arúgbó máa wọ ọkọ̀ méjì, kí ó máa fa ẹsẹ̀ gun òkè, nítorí kí òun sáà lè gbọ́ kí wọ́n pe òun ní Ìyàwó? Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, bí ẹni ń ta ènìyàn lọ́rẹ: "Bí mo bá fi èyí sí i, ẹ ò tún ní gun àtẹ̀gùn yìí mọ́ fún ogún ọdún."

Bàbá ṣí ojú.

"Ogún ọdún," ó ní.

"Ó kéré tán."

Bàbá mú ife tíì rẹ̀, kò mu ún, ó gbé e padà sílẹ̀. "Iṣẹ́ rẹ ni, Ìyàwó. O mọ̀ ọ́n jù mí lọ." Tíì náà ṣì ń rú èéfín nígbà tó dìde. Obìnrin náà rò pé oore náà ló wọ̀ ọ́ lára.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó fi irin gbígbóná ra fúrẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tú, ó wá fi ẹ̀mú gbé e díẹ̀díẹ̀, kí igi má baà ya. Ọkọ rẹ̀ ló to àwọn wọ̀nyí, lọ́dún tó ṣáájú ìgbéyàwó wọn; obìnrin náà ló di ọrùn gìtá náà mú fún un, tí òolù fi gbá a ní àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan, tí ọkọ rẹ̀ sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́. Bí ó ti ń yọ wọ́n, ó ń tò wọ́n sórí aṣọ funfun, mọ́kànlélógún. Nígbà tó yọ ìkẹyìn, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó gbá ihò kọ̀ọ̀kan mọ́, ó sì mú wáyà líle.

Wáyà náà kò gbọ́ràn. Ó kọ̀ láti tẹ̀, ó kọ̀ láti gé, ó mú eyín ẹ̀mú rẹ̀ ṣí. Nígbà tó kan fífi fáìlì fá etí rẹ̀, igbe irin náà gba gbogbo ilé, títí ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ nísàlẹ̀ fi gun òkè wá. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé gìtá lò ń ṣe àbí ojú irin rélùwéè?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀. Wáyà yìí ti pa fáìlì mi méjì."

"Irin tó ń pa fáìlì! Kí lo wá ń fi ṣe?"

"Gìtá Bàbá ni. Mo fẹ́ kó pẹ́, kí wọ́n má baà máa ṣe wàhálà àtimáa wá."

Oníkọ́kọ́rọ́ tẹjú mọ́ ọn. "Kí wọ́n má baà máa wá," ó tún un sọ.

"Nítorí orúnkún wọn."

"Ẹ̀hẹ̀n. Nítorí orúnkún." Ó yíjú, ó sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ohunkóhun mọ́. Obìnrin náà yẹ kó fura, nítorí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mẹ́wàá.

Nígbà tí Bàbá wá gba gìtá rẹ̀, ó ta á díẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ó fi ìka ra fúrẹ́ẹ̀tì kan, ó ní, "Ó dùn. Ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ." Lẹ́yìn náà ó ṣe àdúrà fún un, àdúrà gígùn, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó ń rìnrìn àjò: kí ọ̀nà rẹ̀ là, kí ó bá ẹni rere pàdé, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Obìnrin náà ṣe Àmín sí gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún, kò dúró níbì kan.

Oṣù kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́rin. Obìnrin náà pè é lórí fóònù.

"Bàbá, gìtá ńkọ́?"

"Dáadáa ló wà."

"Kò ta gìnrìngìnrìn?"

"Rárá o. Kò sí wàhálà kankan lára rẹ̀." Ohùn Bàbá dà bí ti ẹni tó ń ròyìn ọmọ tí kò gbọ́ràn.

"Ó dáa, Bàbá."

"Ó dáa, Ìyàwó."

Ìyẹn nìkan ni Ìyàwó tó gbọ́ lóṣù náà. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wo àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí kò lọ kí i. Òun náà béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin kan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dì í mọ́ra, ó ní, "O ṣì kéré. A ò so ọ́ mọ́lẹ̀. Lọ tún ayé rẹ ṣe." Ọ̀rọ̀ rere ni, inú rere ló sì ti jáde, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ ló ṣe bọ́ sí i létí. Bí gìtá kò bá sí láàárín wọn, kí ni òun máa wọ ilé Bàbá wí? Kí ni òun máa jẹ́ níbẹ̀?

Ní oṣù kẹfà, Oníkọ́kọ́rọ́ gun òkè wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ fáìlì kékeré kan látinú àpò, roboto bí abẹ́rẹ́ ńlá, ó jù ú sórí tábìlì.

"Wò ó."

Obìnrin náà fi ìka rà á. Ó ń dán bíi ṣíbí. "Fáìlì yìí ti kú."

"Ó ti kú. Ṣé o mọ ẹni tó pa á?"

"Ta ni?"

"Bàbá ọkọ rẹ ni. Wọ́n wá lánàá, nígbà tó o lọ ra igi. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní èyí tó le jù ú lọ." Oníkọ́kọ́rọ́ jókòó láìgba àṣẹ. "Mo ti búra, mo mọ̀. Ọlọ́run á dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi nínú láti ọdún méjì, mi ò lè jẹun mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ wo?"

"Ṣé o rò pé okùn ló ń gbẹ́ gbogbo kòtò yẹn? Bí wọ́n bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, wọ́n á gbé gìtá sórí itan. Fáá, fáá, fáá! Wọ́n á fẹ́ ẹ lẹ́nu, wọ́n á fi áńkáṣíìfù nù ún. Wọ́n á wá wò mí: 'Má sọ fún ìyàwó mi o.' Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa ń gun òkè wá bá ọ, tí wọ́n á máa sọ fún ọ pé ohùn gìtá ò dáa mọ́."

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Orin tuntun! Lórí ìkẹẹ̀ẹ́dógún! Ojú tó lè rí ìyàtọ̀ tó tínrín ju irun lọ lára irin, kò rí èyí, nítorí ẹni tí à ń fẹ́ràn kì í wà lára ẹni tí à ń fura sí. Lẹ́yìn náà ó rántí àdúrà ọjọ́ yẹn, kí ọ̀nà rẹ̀ là, kí ó bá ẹni rere pàdé, ẹ̀rín náà sì yí padà lójú rẹ̀.

"Sunkún dáadáa," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí. "Ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo sọ."

Lọ́jọ́ kejì ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó ẹ̀mú, wáyà rírọ̀ àti fáìlì tó ti kú náà sínú báàgì, ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó wọ ìkejì. Ìrìn náà gùn ju bí ó ṣe rántí lọ. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń kùn nínú ilé dákẹ́.

"Ìyàwó!" Bàbá di férémù ilẹ̀kùn mú, téèpù ìwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Bàbá. Àlàáfíà ni."

Yàrá kan náà ni ó ti ń ránṣọ tó sì ti ń gbé, àwọn ègé aṣọ kún orí tábìlì ìgéṣọ, wọ́n kún orí àga kejì. Gìtá wà láàárín wọn. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Lórí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ojú ibi tí fáìlì ha wà níbẹ̀, tínrín, bí ìgbà tí adìyẹ bá họ orí àpáta. Ó yọ fáìlì tó ti kú náà nínú báàgì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá mú fáìlì náà, ó yí i wò.

"Gbogbo àgádágodo tí ọkùnrin yẹn ń ṣí kiri," ó ní, "kò rí ẹyọ kan fi sí ẹnu ara rẹ̀."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò kàn wá?"

"Kí n wá ṣe kí ni?" Ó jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń tẹ́ aṣọ tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀. "Ọmọ mi ti lọ. Ìwọ ṣì kéré. Kí arúgbó máa wá jókòó ti opó ọmọ rẹ̀ láìní iṣẹ́ níbẹ̀? Mo ní o lè ti rí ẹnì kan, kí n má lọ dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà bí òkúta. Ṣùgbọ́n bí gìtá bá bàjẹ́, gìtá ló bàjẹ́ nìyẹn. Ta ló máa bi mí?" Ó gbójú sókè. "Ìyàwó, bí mo bá rán ṣòkòtò fún ènìyàn, mo máa ń fi aṣọ díẹ̀ pamọ́ sínú ojú ìrán. Bó bá sanra, á padà wá kí n tú u fún un. Télọ̀ tó bá gé e mọ́ tónítóní, ó ti sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé ó dìgbòóṣe nìyẹn. Ìwọ, o gé tèmi mọ́ tónítóní. Ogún ọdún!"

"Orúnkún yín ni mo rò."

"Orúnkún mi! Ṣé orúnkún ni mo fi ń ta gìtá ni? Bí mo bá ń gun òkè yẹn, mi ò mọ̀ pé mo ní in. Ìgbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló tó máa ń ro mí."

Obìnrin náà kò tíì jókòó. Kò sí ibi tó lè jókòó sí. "Èmi náà fẹ́ wá," ó ní. "Mi ò mọ ohun tí mo máa wá jẹ́ níbí ni, nígbà tí kò sí gìtá lọ́wọ́ mi."

"Ìyàwó ni, kí lo tún fẹ́ jẹ́?" Ohùn Bàbá le díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sí. "Ta ló bọ́ ọ lóyè? Ẹni tó bá lọ sílé ọkọ mìíràn lọ́la, kí ó lọ, màá rán aṣọ rẹ̀. Ìyàwó mi náà ni."

Obìnrin náà fi ọwọ́ wá inú báàgì, ó yọ wáyà rírọ̀ tó ká roboto, ó yọ ẹ̀mú. "Màá yọ líle yẹn," ó ní. "Èyí tí ìka yín yàn ni màá fi sí i. Kí ẹ lè máa bà á jẹ́ bó ṣe wù yín."

Bàbá gba wáyà náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo gìtá.

"Bí a bá fi líle sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣé wàá tún wá?"

"Màá wá. Ní Sátidé tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà ẹ máa wá bó bá wù yín."

"Láìsí ohun tó bàjẹ́?"

"Láìsí ohun tó bàjẹ́, Bàbá."

Ó ronú sí i, bí ẹni tó ń wo aṣọ kí ó tó gé e. Lẹ́yìn náà ó dá wáyà náà padà fún un.

"Fi líle sílẹ̀. Kí n má parọ́ fún ọ, oṣù mẹ́fà yìí ni mo ti ń gbádùn rẹ̀. Ìka kì í ro mí lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì mọ́. Inú ló kàn ń bí mi sí i." Ó dìde, ó kó àwọn aṣọ orí àga kejì lápapọ̀, ó wá ibi tí yóò gbé wọn sí, kò rí, ó kó wọn lé orí ẹ̀rọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí àga náà. Obìnrin náà jókòó sí etí rẹ̀, báàgì wà lórí itan rẹ̀.

"Jókòó dáadáa," ni Bàbá wí. "O jókòó bí ẹni tó fẹ́ dìde."

Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì.